Ọ̀rọ̀-Ìperí Iṣẹ́ Ìfọpo Rọ̀bì àti Ìsọdimọ́ Gáàsì: Àìfiṣòfò, Ìṣeégbẹ́kẹ̀lé àti Oríṣiríṣi Ìbàjẹ́ Ẹ̀rọ

1. Ìfáàrà

Ní ọdún 1970, Yunifásítì Ifẹ̀, lábẹ́ ìdarí Ọ̀jọ̀gbọ́n A. Babs Fáfúnwá, bẹ̀rẹ̀ ètò ẹ̀kọ́ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ ọlọ́dún mẹ́fà kan nínú èyí tí èdè Yorùbá ti jẹ́ èdè ìkọ́ni fún gbogbo iṣẹ́, yàtọ̀ sí èdè Gẹ̀ẹ́sì fúnra rẹ̀. Ètò náà fi hàn pé ọmọ Yorùbá lè fi èdè abínibí rẹ̀ kọ́ sáyẹ́ǹsì àti ìṣirò kí ó sì yé e yékéyéké. Ibi tí iṣẹ́ ṣì pọ̀ sí ni ìmọ̀ nípa àwọn ẹ̀rọ ńláńlá, pàápàá àwọn tí ó jẹ mọ́ epo rọ̀bì àti gáàsì.

Ìmọ̀ yìí kò jìnnà sí ilẹ̀ Yorùbá mọ́. Ilé-iṣẹ́ ìfọpo Dangote tí ó wà ní Ìbẹ̀jú-Lẹ́kkí ní Ìpínlẹ̀ Èkó, tí wọ́n kọ́ láti máa fọ 650,000 àgbá epo rọ̀bì lójúmọ́, bẹ̀rẹ̀ sí í pèsè epo ní oṣù kìíní ọdún 2024. Láti Ìtòkí ní Ìpínlẹ̀ Ògùn sì ni páìpù gáàsì Ìwọ̀-Oòrùn Áfíríkà ti gbéra, tí ó gba abẹ́ òkun lọ sí Bẹ̀nẹ̀, Tógò àti Gánà. Gígùn rẹ̀ jẹ́ kìlómítà 678. Nítorí náà, bí wọ́n bá ń kọ́ ènìyàn ní iṣẹ́ wọ̀nyí, tàbí tí wọ́n bá ń ṣe ìkìlọ̀ fún àwọn tí ilé wọn wà nítòsí wọn, ó yẹ kí èdè Yorùbá lè sọ ohun tí ó ń ṣẹlẹ̀ nínú wọn láìdà á rú.

Ìṣòro tí àpilẹ̀kọ yìí gbé yẹ̀wò ni pé gbólóhùn mẹ́ta péré ni ó sábà máa ń ru gbogbo ẹrù náà: wọ́n ń *fọ* epo, ẹ̀rọ ń *ṣiṣẹ́ dáadáa*, ẹ̀rọ ti *bàjẹ́*. Ìkọ̀ọ̀kan wọn ló bo ìyàtọ̀ tí iṣẹ́ náà dúró lé mọ́lẹ̀. Bẹ́ẹ̀ sì ni èdè Yorùbá ti ní ọ̀rọ̀ tí ó lè ya ìyàtọ̀ wọ̀nyí. Ohun tí ó kù ni kí olùkọ́ àti atúmọ̀-èdè lò wọ́n níbi tí ó yẹ.

Kí ọ̀rọ̀ má bàa lọ́ pọ̀, *ìgbóná* ni orúkọ tí yóò dúró fún agbára tí iná ń fún nǹkan. *Ooru* ni yóò dúró fún ohun olómi tí ìgbóná ti sọ di afẹ́fẹ́, gẹ́gẹ́ bí èyí tí ó ń jáde lẹ́nu ìkòkò tí ó ń hó.

2. 'Fọ̀' àti 'Fọ́'

Láti ara ọ̀rọ̀-ìṣe *fọ̀* ni wọ́n ti ṣẹ̀dá *ìfọpo*. Ohùn ìsàlẹ̀ tí ó wà lórí ọ̀rọ̀-ìṣe yìí a máa di ohùn àárín nígbà tí ọ̀rọ̀-orúkọ bá tẹ̀ lé e gẹ́gẹ́ bí àbọ̀. Ohùn òkè *fọ́* kì í yí padà. Ìyàtọ̀ méjèèjì hàn nínú àpẹẹrẹ yìí:

(1) a. fọ àwo: fi omi mú ìdọ̀tí kúrò lára àwo.
    b. fọ́ àwo: sọ odidi àwo di àpáàdì.

Ẹni tí ó bá gbọ́ *ìfọpo* lè rò pé ohun kan ṣoṣo tí wọ́n ń ṣe níbẹ̀ ni pé wọ́n ń mú ìdọ̀tí kúrò nínú epo. Ṣùgbọ́n iṣẹ́ mẹ́ta ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ ni ó ṣe pàtàkì jù nínú rẹ̀, ọ̀kan péré nínú wọn ni ó sì jẹ́ fífọ̀ ní tòótọ́.

Iṣẹ́ àkọ́kọ́ ni mímú iyọ̀ kúrò. Epo rọ̀bì máa ń gbé omi oníyọ̀ díẹ̀ jáde láti inú ilẹ̀. Wọ́n á po omi tí ó mọ́ pọ̀ mọ́ ọn, iyọ̀ á wọ inú omi náà, wọn á sì lo agbára iná mànàmáná láti kó ẹ̀kán omi jọ kí ó lè sọ̀ kalẹ̀ kúrò lára epo. Fífọ̀ ni èyí, gẹ́gẹ́ bí aṣọ. Bí wọ́n kò bá ṣe é dáradára, ìgbóná yóò sọ apá kan iyọ̀ náà di ásíìdì, ásíìdì yóò sì máa jẹ irin ní òkè òpó tí epo ń gbà kọjá lẹ́yìn náà.

Iṣẹ́ kejì ni yíyà. Wọ́n á mú epo gbóná nínú ìléru dé nǹkan bí ìwọ̀n 350 lórí òṣùwọ̀n Celsius, wọn á sì tú u sínú òpó gíga kan. Èyí tí ó fúyẹ́ yóò di ooru, yóò gòkè. Bí ó ti ń gòkè ni ó ń tutù, ohun kọ̀ọ̀kan yóò sì padà di olómi ní ìpele tirẹ̀: epo bẹntiróòlù lókè, kẹrosíìnì nísàlẹ̀ rẹ̀, epo dísù nísàlẹ̀ ìyẹn, èyí tí ó wúwo jù sì wà nísàlẹ̀ pátápátá. Ẹni tí ó bá ti rí bí wọ́n ti ń ṣe ògógóró mọ ìpìlẹ̀ iṣẹ́ yìí, nítorí pé ooru ọtí ni páìpù ń gbé gba inú omi tútù kọjá kí ó tó kán sínú ìgò.

Iṣẹ́ kẹta ni fífọ́. Epo tí ó wúwo jẹ́ àkójọpọ̀ molékù gígùn. Bí wọ́n bá fi ìgbóná ńlá, tàbí ìgbóná pẹ̀lú èròjà amúyá, fọ́ àwọn molékù náà sí kékeré, epo tí ó fúyẹ́ ni yóò jáde. Ní ọdún 1913 ni wọ́n fún William Burton ní ìwé-ẹ̀tọ́ ní Amẹ́ríkà lórí ọ̀nà tí ó fi ìgbóná àti ìfúnpá ṣe èyí, nígbà tí ọkọ̀ ayọ́kẹ́lẹ́ ń pọ̀ sí i tí yíyà nìkan kò sì lè pèsè bẹntiróòlù tí ó tó.

Ìyàtọ̀ láàárín yíyà àti fífọ́ kì í ṣe ti orí ìwé lásán. Nínú ìléru tí ó ṣáájú òpó ìyapo, wọ́n fẹ́ kí epo hó, wọn kò fẹ́ kí ó fọ́. Bí ìgbóná bá kọjá ààlà, epo wíwúwo yóò bẹ̀rẹ̀ sí í fọ́ níbi tí kò yẹ, èédú rẹ̀ yóò sì lẹ̀ mọ́ inú páìpù. Ìdí nìyí tí wọ́n fi ń dín ìfúnpá kù nínú òpó kejì, kí epo wíwúwo náà lè hó láìjẹ́ pé wọ́n mú un gbóná ju bí ó ti yẹ lọ. Akẹ́kọ̀ọ́ tí ó bá ka *ifopo* nínú ìwé tí kò ní àmì ohùn kò lè mọ èwo ni wọ́n ń sọ. Ohun tí ó bọ́gbọ́n mu ni pé kí *ìfọpo* dúró gẹ́gẹ́ bí orúkọ gbogbo iṣẹ́ náà, níwọ̀n ìgbà tí gbogbo ènìyàn ti mọ̀ ọ́n, kí iṣẹ́ kọ̀ọ̀kan sì ní orúkọ tí kò ṣeé ṣì mú fún òmíràn:

(2) a. ìfọyọ̀: fífi omi fọ iyọ̀ kúrò nínú epo rọ̀bì.
    b. ìfooruyà: sísọ epo di ooru kí wọ́n lè yà á sí oríṣi.
    c. ìfọ́wẹ́wẹ́: fífọ́ molékù gígùn sí kékeré.

3. Àìfiṣòfò

Nígbà tí wọ́n bá sọ pé ẹ̀rọ kan ń ṣiṣẹ́ dáadáa, ohun mẹ́ta ni wọ́n lè ní lọ́kàn. Ó lè jẹ́ pé kò fi nǹkan ṣòfò. Ó lè jẹ́ pé ọjọ́ tí ó fi ń wà lẹ́nu iṣẹ́ pọ̀. Ó sì lè jẹ́ pé kì í já ènìyàn kulẹ̀ lójijì. Ẹ̀rọ kan lè ní ọ̀kan nínú wọn kí ó má ní èkejì.

*Ìwọ̀n àìfiṣòfò* ni ohun tí ó wúlò tí ó jáde, nígbà tí wọ́n bá fi ohun tí wọ́n kó wọlé pín in. Bí ilé-iṣẹ́ méjì bá ń fọ 100,000 àgbá lójúmọ́, tí ọ̀kan ń jó epo tí ó tó 5,000 àgbá nínú àwọn ìléru rẹ̀, tí èkejì ń jó 8,000 láti ṣe iṣẹ́ kan náà, iṣẹ́ wọn dọ́gba, àìfiṣòfò wọn kò dọ́gba. Ìyàtọ̀ 3,000 àgbá náà jẹ́ lítà 477,000 lójúmọ́, nítorí pé lítà 159 ni ó wà nínú àgbá kan.

Ibi tí ìṣòfò pọ̀ sí jù ni ìgbóná. Nídìí ògógóró, ìgbóná tí omi tútù gbà lọ́wọ́ ooru ọtí a máa ṣòfò sínú igbó. Ní ilé-iṣẹ́ ìfọpo, epo gbígbóná tí ó ń jáde ni wọ́n fi ń mú epo rọ̀bì tútù tí ó ń wọlé yá, kí ó tó dé ìléru. Ẹ̀rọ tí ó ń ṣe èyí ni *apààrọ̀-ìgbóná*: epo kan ń gba inú páìpù kọjá, èkejì ń gba ẹ̀yìn páìpù náà kọjá, wọn kò sì dàpọ̀. Ní ọdún 1978, Bodo Linnhoff àti John Flower ní Yunifásítì Leeds ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì tẹ ìlànà kan jáde fún títo irú ẹ̀rọ bẹ́ẹ̀ pọ̀, kí wọ́n lè mọ ìgbóná tí wọ́n lè gbà padà ṣáájú kí wọ́n tó kọ́ ilé-iṣẹ́ rárá.

Ọ̀tá àìfiṣòfò níhìn-ín ni *ìlẹ̀mọ́*: èédú, iyọ̀ àti ẹrẹ̀ tí ó ń lẹ̀ mọ́ ojú páìpù. Bí ìkòkò tí oúnjẹ ti jóná mọ́ ìsàlẹ̀ rẹ̀ ti ń jẹ igi ìdáná ju bí ó ti yẹ lọ, bẹ́ẹ̀ ni apààrọ̀-ìgbóná tí ìlẹ̀mọ́ bò ń mú kí ìléru jó epo púpọ̀ sí i. Ẹ̀rọ náà kò bàjẹ́. Ó ṣì ń ṣiṣẹ́. Owó nìkan ni ó ń jò lọ láìsí ariwo.

4. Ìwà-lẹ́nu-iṣẹ́ àti Ìṣeégbẹ́kẹ̀lé

*Ìwọ̀n ìwà-lẹ́nu-iṣẹ́* ni wákàtí tí ẹ̀rọ fi ṣiṣẹ́, nígbà tí wọ́n bá fi gbogbo wákàtí ọdún pín in. *Ìṣeégbẹ́kẹ̀lé* ni bí ó ti ṣeé ṣe tó pé kí ẹ̀rọ ṣiṣẹ́ rẹ̀ dé òpin àkókò tí wọ́n dá fún un láìdákú. Àwọn méjèèjì súnmọ́ ara wọn, ìdí nìyí tí àwọn atúmọ̀-èdè fi máa ń dà wọ́n pọ̀. Ìṣirò yìí yóò yà wọ́n:

(3) a. Ẹ̀rọ A: wọ́n dá a dúró fún 40 ọjọ́ lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo lọ́dún, ní ọjọ́ tí wọ́n ti dá tẹ́lẹ̀, láti tọ́jú rẹ̀.
    b. Ẹ̀rọ B: ó dákú lójijì lẹ́ẹ̀mẹ́rin lọ́dún, ọjọ́ 10 ni wọ́n sì fi ń tún un ṣe nígbà kọ̀ọ̀kan.

Wákàtí 8,760 ni ó wà nínú ọdún. Ọjọ́ 40 jẹ́ wákàtí 960. Nítorí náà wákàtí 7,800 ni ẹ̀rọ méjèèjì fi ṣiṣẹ́. Ìwà-lẹ́nu-iṣẹ́ wọn jẹ́ 89 nínú ọgọ́rùn-ún. Ṣùgbọ́n ẹ̀rọ A kò já ẹnikẹ́ni kulẹ̀, nígbà tí ẹ̀rọ B ń dákú lẹ́yìn ìpíndọ́gba wákàtí 1,950, èyí tí kò pé oṣù mẹ́ta. Ẹni tí ó ń ra epo lọ́wọ́ ilé-iṣẹ́ A lè kó epo pamọ́ de 40 ọjọ́ náà. Ti B kò lè mọ ọjọ́ tí yóò ṣẹlẹ̀.

Owó nìkan kọ́ ni ìyàtọ̀ yìí kàn. Ìdádúró òjijì ń mú irin tutù, ìbẹ̀rẹ̀ tuntun ń mú un gbóná. Bí irin ti ń sún kì tí ó sì ń nà ni ó ń rẹ̀ ẹ́. Àkókò ìbẹ̀rẹ̀ náà sì léwu fún ènìyàn. Ní ọjọ́ 23 oṣù kẹta ọdún 2005, ní ilé-iṣẹ́ ìfọpo kan ní Texas City ní Amẹ́ríkà, nígbà tí wọ́n ń bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ padà, epo kún òpó kan kọjá ìwọ̀n, irinṣẹ́ tí ó yẹ kí ó fi í hàn kò sì sọ òtítọ́. Epo tú jáde, ó gbiná. Ènìyàn 15 kú, nǹkan bí 180 sì farapa.

Nígbà mìíràn, àìfiṣòfò àti ìṣeégbẹ́kẹ̀lé a máa bá ara wọn jà. Póǹpù méjì tí ọ̀kan ń ṣiṣẹ́ tí èkejì dúró dè é dà bí ìfowóṣòfò lójú ẹni tí ó ń ka owó. Lójú ẹni tí ó ń ka ìdákú, póǹpù kejì yẹn ni ilé-iṣẹ́ náà fẹ̀yìn tì. Bí ìwé bá lo gbólóhùn kan ṣoṣo fún àfojúsùn méjèèjì, ẹni tí ó ń kà á kò ní mọ̀ pé ìpinnu kan wà láti ṣe.

5. Oríṣiríṣi Ìbàjẹ́

Kò sí ohun tí èdè Yorùbá lọ́rọ̀ sí tó ọ̀nà tí nǹkan ń gbà bàjẹ́. Síbẹ̀, nígbà tí ọ̀rọ̀ bá di ti ẹ̀rọ, *bàjẹ́* nìkan ni ọ̀pọ̀ ìwé ń lò. Àwọn ọ̀rọ̀-ìṣe ojoojúmọ́ yìí yẹ kí ó wọ inú iṣẹ́:

(4) a. jò: ohun olómi tàbí gáàsì ń gba ojú ihò tàbí ìsopọ̀ jáde.
    b. dí: ohun kan di ọ̀nà, nǹkan kò lè kọjá.
    c. dógùn-ún: omi, afẹ́fẹ́ tàbí ásíìdì ń jẹ irin.
    d. sán: ojú ìlà hàn lára nǹkan, ṣùgbọ́n kò tíì pín.
    e. ṣẹ́: ohun gígùn, bí ọ̀pá tí ń yí póǹpù, pín sí méjì.
    f. tẹ̀: irin yí ìrísí padà láìpín.
    g. bẹ́: ìfúnpá inú nǹkan já a láti inú, bí táyà.
    h. há: ohun tí ó yẹ kí ó máa yí kò lè yí mọ́.
    i. fọ́: ohun líle túká lẹ́ẹ̀kan náà láìkọ́kọ́ tẹ̀.

Ìwúlò wọn hàn nínú ìwé ìṣẹ̀lẹ̀ ẹ̀rọ, níbi tí òṣìṣẹ́ ń kọ ohun tí ó ṣẹlẹ̀ sí. Bí wọ́n bá kọ "póǹpù bàjẹ́" nígbà méjìlá láàárín ọdún, kò sí ẹni tí ó lè mọ̀ bóyá ìdí kan ni ó wà tàbí méjìlá. Bí ó bá jẹ́ "ó há" ni wọ́n kọ nígbà mẹ́sàn-án, kí wọ́n yẹ òróró tí ó ń mú un yọ̀ wò. Bí ó bá jẹ́ "òkè òpó dógùn-ún, ó sì ń jò", kí wọ́n padà sí ìfọyọ̀. Àwọn ọ̀rọ̀ náà sì máa ń tẹ̀ léra bí ìtàn: ohun tí ó sán lónìí lè jò lọ́la, kí ó sì bẹ́ lọ́túnla. Ìtọ́jú tí ó ń ṣáájú ìbàjẹ́ kò ju pé kí ènìyàn mọ ìpele tí ìtàn náà dé lọ.

6. Ẹ̀rí Méjì láti inú Iṣẹ́ Gáàsì

Gáàsì tí ó ń jáde láti inú ilẹ̀ sábà máa ń ní omi nínú. Ó tún lè ní gáàsì onímí ọjọ́ tí ó jẹ́ májèlé, àti epo fífúyẹ́. Ìsọdimọ́ gáàsì ni mímú àwọn wọ̀nyí kúrò kí wọ́n tó fi í ránṣẹ́ nínú páìpù. Ẹ̀rí méjì láti inú iṣẹ́ yìí fi hàn pé orúkọ tí kò tọ́ lè ṣi ènìyàn lọ́nà.

Èkíní ṣẹlẹ̀ ní Amẹ́ríkà. Ohun funfun kan ń dí páìpù gáàsì, wọ́n sì ti rò pé yìnyín ni. Ní ọdún 1934, E. G. Hammerschmidt fi hàn pé kì í ṣe yìnyín lásán, bí kò ṣe omi àti gáàsì tí wọ́n dì pọ̀ di ohun líle kan. Yìnyín kì í dì bí ìgbóná bá ju òdo Celsius lọ. Ṣùgbọ́n lábẹ́ ìfúnpá ńlá, ohun yìí lè dì nígbà tí ìgbóná ṣì ga ju òdo lọ dáadáa. Ẹni tí ó bá ń pè é ní yìnyín yóò fọkàn balẹ̀ níbi tí kò yẹ, pàápàá ní ilẹ̀ wa tí yìnyín kì í dì sílẹ̀. Orúkọ tí ó yẹ ẹ́ ni *ìdìpọ̀ omi-òun-gáàsì*. Orúkọ náà fúnra rẹ̀ sì ń tọ́ka sí ìwòsàn: bí wọ́n bá fi gláíkọ̀ọ̀lù fa omi kúrò nínú gáàsì, kò sí ohun tí yóò bá gáàsì dì pọ̀.

Èkejì ṣẹlẹ̀ ní Longford, ní ìpínlẹ̀ Victoria ní Ọsirélíà, ní ọjọ́ 25 oṣù kẹsàn-án ọdún 1998. Póǹpù tí ó ń gbé epo gbígbóná lọ sínú apààrọ̀-ìgbóná kan dáwọ́ iṣẹ́ dúró fún wákàtí mélòó kan. Ẹ̀rọ náà tutù tó bẹ́ẹ̀ tí yìnyín fi yọ sí ara rẹ̀. Àwọn olùwádìí ṣírò rẹ̀ pé apá kan rẹ̀ dé ìwọ̀n 48 nísàlẹ̀ òdo. Láti mú un yá padà, wọ́n tún dá epo gbígbóná, tí ó tó ìwọ̀n 230, sínú rẹ̀. Irin náà kò tẹ̀, kò sì kọ́kọ́ jò, ó fọ́. Gáàsì tú jáde, ó gbiná. Ènìyàn méjì kú, mẹ́jọ farapa, gáàsì sì wọ́n àwọn ilé àti ilé-iṣẹ́ Victoria fún ohun tí ó lé ní ọ̀sẹ̀ méjì. Ìgbìmọ̀ ìwádìí tí ìjọba gbé kalẹ̀ sọ ní ọdún 1999 pé wọn kò kọ́ àwọn òṣìṣẹ́ ní ẹ̀kọ́ tí ó tó nípa ewu irin tí ó tutù jù.

Èdè Gẹ̀ẹ́sì ni wọ́n ń sọ ní Longford, ọ̀rọ̀-ìperí fún ewu náà sì ti wà nínú ìwé àwọn ẹnjinníà. Àwọn tí ó dúró ti ẹ̀rọ lọ́jọ́ náà ni kò ní ìmọ̀ tí ọ̀rọ̀ náà ń gbé. Nítorí náà, ṣíṣẹ̀dá ọ̀rọ̀ kò tó. Ọ̀rọ̀ náà ní láti jẹ́ irú èyí tí yóò sọ ohun tí ó yẹ ní ṣíṣe. Bí òṣìṣẹ́ bá rí yìnyín lára páìpù tí ó sì sọ pé "ó tutù", ìdáhùn tí ó máa kọ́kọ́ sọ sí ènìyàn lọ́kàn ni pé kí wọ́n mú un gbóná. Ṣùgbọ́n bí ó bá sọ pé "irin náà ti di ẹlẹgẹ́", kò sí ọmọ Yorùbá tí yóò da ohun híhó sínú rẹ̀. Ẹnikẹ́ni tí ó ti da omi híhó sínú ife díńgí tútù mọ ohun tí ń tẹ̀ lé e. *Ìtutù-sọ-irin-dẹlẹgẹ́* gùn lẹ́nu, òótọ́ ni. Ṣùgbọ́n ìkìlọ̀ wà nínú rẹ̀ fún ẹni tí kò tíì ka ìwé kankan.

7. Àgbálọgbábọ̀

Ìmọ̀ràn mẹ́ta ni ó jáde láti inú àyẹ̀wò yìí. Àkọ́kọ́, kí àwọn olùkọ́ àti olóòtú má ṣe tẹ ìwé ìmọ̀ ẹ̀rọ jáde láìsí àmì ohùn, nítorí pé fífọ̀ àti fífọ́ kì í ṣe iṣẹ́ kan náà. Ìkejì, kí àwọn atúmọ̀-èdè bèèrè ohun tí wọ́n ń wọ̀n kí wọ́n tó kọ "ṣiṣẹ́ dáadáa": ṣé àìfiṣòfò ni, ṣé ìwà-lẹ́nu-iṣẹ́, ṣé ìṣeégbẹ́kẹ̀lé? Ìkẹta, kí ọ̀rọ̀ *bàjẹ́* jẹ́ ìbẹ̀rẹ̀ ìròyìn, kí ó má jẹ́ òpin rẹ̀. Ìbéèrè tí ó gbọ́dọ̀ tẹ̀ lé e ni pé, báwo ni ó ṣe bàjẹ́?

Púpọ̀ nínú àwọn ọ̀rọ̀ tí iṣẹ́ yìí ń fẹ́ kò sí lọ́nà jíjìn. Wọ́n wà lẹ́nu ẹni tí ó ń fọ àwo, ẹni tí ó ń ṣe ògógóró àti ẹni tí táyà rẹ̀ bẹ́ lójú ọ̀nà. Iṣẹ́ onímọ̀ èdè ni láti gbé wọn dé ìdí ẹ̀rọ, kí ó fún ọ̀kọ̀ọ̀kan ní ààlà tirẹ̀, kí ó sì rí i pé òṣìṣẹ́ tí ó dúró níbẹ̀ lóru lè sọ ohun tí ó rí fún ẹni tí ó ń bọ̀ wá gba iṣẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀ láàárọ̀, kí ó sì yé e.